Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran

Àwọn baba wa tí wọ́n pa á lówe pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni nínú òwe náà pé kí ó kọ́kọ́ nu omijé nù kí ó tó wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹkún ní àkókò tirẹ̀, pé ẹni tí ikú já ohun ọ̀wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe kí ó má sunkún, àti pé ẹkún tí a fi tipátipá gbé mì, inú ni yóò máa gbé, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa jẹ ẹni náà run díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé ojú kan náà tí omi ń dà nínú rẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá dá fún ìríran, àti pé iṣẹ́ méjèèjì lè bá ara wọn rìn ní ọjọ́ kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹni tí ọdún Kérésìmesì ká mọ́ inú ìdààmú: opó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀, abiyamọ tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀, baba tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọdún ń parí lọ, ìyàwó ilé tí làálàá ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di ẹrú, àti ẹni tí ó dá wà ní ìlú òkèèrè tí kò rí ẹni kí i kú ọdún.

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ wá láti òkè Ọya, tí ètè ń bó tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń là, tí àwọn aránṣọ kò fojú kan oorun mọ́ nítorí aṣọ ọdún tí ó kún ṣọ́ọ̀bù wọn, tí àwọn onímọ́tò tí ń ná Èkó sí Iléṣà ti bu owó lé owó ọkọ̀, tí àwọn ọmọdé ń yin bàǹgà ní gbogbo òpópónà, tí ẹgbẹ́ akọrin sì ń dánrawò títí di òru, ó rọrùn kí a rò pé inú gbogbo ayé ni ó ń dùn, àti pé ẹni tí inú tirẹ̀ kò bá dùn ti di àjèjì láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Lórí àga gbọọrọ kan ṣoṣo nínú ilé Ọlọ́run, ìyá tí ó wé gèlè tí ojú ń tọ̀ lẹ́yìn lè jẹ́ ẹni tí kò tí ì sun oorun àsùngbádùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú àkọ́bí rẹ̀ wálé. Baba tí ó gbé agbádá wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí owó ilé ìwé oṣù kìn-ín-ní ti lé oorun lójú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń kọ ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin sì lè jẹ́ ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já jù sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, tí ó ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi òun léèrè rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Àwọn kan a ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọn a ní ọdún ti èyí kò kan àwọn, kí Ọlọ́run má bínú, bí ara bá tu àwọn ní àmọ́dún àwọn yóò wá sìn ín. Àwọn yòókù a wọ aṣọ, wọn a lọ, ṣùgbọ́n ara nìkan ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n ti ti ọkàn mọ́ inú yàrá pẹ̀lú ẹkún rẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n yá lò ni wọ́n gbé kọ́ ojú, wọn a sì padà dé ilé pẹ̀lú àárẹ̀ tí ó ju èyí tí wọ́n gbé jáde lọ. Èmi kò lè bá ẹnì kankan nínú wọn wí, nítorí ìbànújẹ́ ni ó ń sorí àgbà kodò. Síbẹ̀ àwọn àgbà sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, a kì í sì í bínú orí kí a fi fìlà dé ìbàdí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ tí ó sì sá fún Ẹni tí ó lè wẹ egbò náà, ó ti fi ìyà kún ìyà. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì ń fi gbogbo ara bẹ ẹ̀yin òǹkàwé pé kí ẹ gbà pẹ̀lú mi, ni pé ìsìn àtọkànwá ni kí a gbé ọkàn tí a ní lónìí lọ síwájú Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí, ìbáà ṣe ọkàn tí ó kún, ìbáà ṣe èyí tí ó fọ́, àti pé ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ lè fi tọkàntọkàn yan ìsìn yìí kí ọ̀fọ̀ rẹ̀ tó tán.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orísun ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ohun tí Lúùkù àti Mátíù kọ sílẹ̀ yóò rí i pé Kérésìmesì àkọ́kọ́ kò bá ẹnikẹ́ni nínú ìrọ̀rùn. Àṣẹ ọba ilẹ̀ àjèjì ni ó lé Jósẹ́fù àti Màríà kúrò ní Násárẹ́tì, nítorí Késárì Ògọ́sítù fẹ́ ka iye orí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà jíjìn sì ni obìnrin tí oyún rẹ̀ ti tó bí náà rìn kí ó tó dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní òru ọjọ́ náà, síbẹ̀ ibi tí ẹran ti ń jẹun ni a tẹ́ ọmọ tuntun yìí sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Jósẹ́fù gbé ìyá àti ọmọ sá lọ sí Íjíbítì ní òru, tí Hẹ́rọ́dù ní kí a pa àwọn ọmọkùnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù láti ẹni ọdún méjì wá sí ìsàlẹ̀, tí igbe àwọn abiyamọ sì gba ìlú kan náà tí àwọn ańgẹ́lì ti kọrin nítòsí rẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà àti Ìjọ Kátólíìkì ya ọjọ́ 28 oṣù kejìlá sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn Kérésìmesì, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti àlejò kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa rántí ọjọ́ náà. Àwọn oníwàásù wa kì í sì í sábà fọwọ́ kan ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún. Ní tèmi, ó yẹ kí wọ́n máa fọwọ́ kàn án, nítorí abiyamọ tí ó jókòó sẹ́yìn, tí aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, yóò mọ̀ nígbà náà pé ìwé Ìhìnrere ti ka irú òun mọ́ ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ẹnì kan wà nínú ìtàn náà tí mo fẹ́ kí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ bá jókòó pẹ́. Ánà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Fánúẹ́lì, láti inú ẹ̀yà Áṣérì. Ọdún méje péré ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi gbé pọ̀ kí ikú tó yà wọ́n, ó sì wà ní opó títí ọjọ́ fi lọ lórí rẹ̀. Ọdún 84 ni Lúùkù kọ mọ́ ọ. Ẹ rò ó wò. Ọ̀dọ́ ni obìnrin yìí nígbà tí ilé rẹ̀ dàrú, kò sì sí ohun tí a gbọ́ pé ó bí, kò sí ohun tí a gbọ́ pé ó jogún. Ohun tí a gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé kò fi tẹ́ńpìlì sílẹ̀, pé ààwẹ̀ àti àdúrà ni ó fi ń sìn lọ́sàn-án àti lóru. Kò lè jẹ́ pé ọjọ́ gbogbo ni inú rẹ̀ ń dùn nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Yóò ti rí ọjọ́ tí ó rí àwọn ìyá mìíràn tí wọ́n gbé ọmọ wá fún ìyàsímímọ́ tí ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́ lákọ̀tun, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọjọ́ tí àdúrà wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti sọ ọ́ di àṣà pé ibi tí Ọlọ́run wà ni òun yóò gbé ìbànújẹ́ òun lọ, ibẹ̀ náà ni ó wà ní wákàtí tí wọ́n gbé Jésù wọlé. Ilé náà kún fún àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé tí wọn kò fura. Àgbà opó tí ojú rẹ̀ ti mọ ẹkún dunjú ni ó rí ohun tí àwọn náà kò rí, òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, òun ni ó sì ń sọ nípa ọmọ náà fún gbogbo ẹni tí ń retí ìràpadà Jerúsálẹ́mù.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé ti àwọn ará Júdíà nìyẹn, a ní tiwa nílé. Àjàyí Ògídí Olú, Oníkànga Àjípọn, ẹni tí ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ọmọdé ni ó wà nígbà tí ogun fọ́ Òṣogùn ní ọdún 1821, tí baba rẹ̀ kú, tí wọ́n sì já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn olówò ẹrú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà ni ó ṣe Kérésìmesì rẹ̀ àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ti tẹ̀ bọmi, láìní baba, láìmọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè tàbí ó ti kú. Kérésìmesì mọ́kànlélógún ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún un. Láàárín wọn ni ó kàwé, tí ó ń kọ́ni, tí a fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1843. Nígbà tí ó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, tí ó kọ́kọ́ ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Freetown ní Sàró, láàárín àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀, orí kìn-ín-ní ìwé Lúùkù ni ó mú, ibi tí ańgẹ́lì ti ń sọ fún Màríà nípa ọmọ mímọ́ tí yóò bí. Ọmọ tí kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ fún àwọn tí ogun ti gba ìyá àti ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ó di ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 kí òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tó fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bí Àjàyí bá ti ní òun yóò dúró kí ayọ̀ òun pé kí òun tó sin Ọlọ́run látọkànwá, ta ni ì bá ti wàásù fún àwọn ará Freetown lọ́jọ́ náà?

Ọdún kan tún wà tí ó yẹ kí a máa rántí bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ọdún 1918. Ogun ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ti pa àìmọye ènìyàn. Kò sì tí ì parí tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà fi bọ́ sí ilẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án láti inú ọkọ̀ ojú omi, tí ó bá ọkọ̀ ojú irin àti àwọn èrò ọjà wọ ìgbèríko lọ, tí ilé ń di ahoro. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ St. Saviour, àwọn onígbàgbọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà nínú ìpọ́njú yẹn, Joseph Sadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn; ìpàdé wọn ni a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, láti inú irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀ka ìsìn Aládùúrà ti hù ní ilẹ̀ wa. Ní òpin ọdún kan náà, ní King's College ní ìlú Cambridge, Eric Milner-White, àlùfáà tí ó ti bá àwọn ọmọ ogun gbé ní ojú ìjà, padà dé sáàárín ìjọ tí ó ti pàdánù ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀. Ó mú ètò ìsìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Truro ní ọdún 1880, ó tún un tò, ó sì darí rẹ̀ ní ọjọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la. Ìsìn Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án àti Orin Kérésìmesì nìyẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ ńlá ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Adó-Èkìtì ń ṣe lónìí, tí àwọn ọmọ wa ń wọ aṣọ funfun di fìtílà mú láti kọ orin rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ọ ní Cambridge, ọ̀pọ̀ wọn ni àga òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó sí ìsìn yìí pẹ̀lú omijé lójú, ẹ má ṣe rò pé ẹ ń ba ti àwọn ẹlòmíràn jẹ́. Fún irú yín gan-an ni wọ́n tò ó.

Wàyí o, báwo ni ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ṣe ń yan ìsìn àtọkànwá yìí? Kí ọjọ́ náà tó dé ni. Ẹni tí ó bá dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì kí ó tó bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ariwo ọjọ́ náà yóò gbé e lọ. Ẹ wá àkókò kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ní ìdájí kí ilé tó jí, kí ẹ jókòó kí ẹ sọ òdodo ọ̀rọ̀ fún Ọlọ́run, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìbínú ni ó wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ bèèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ọmọ yín ni, ẹ bèèrè. Nínú 150 Sáàmù tí ó wà nínú Bíbélì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó jẹ́ igbe ẹni tí ojú ń pọ́n, èyí kejìdínláàádọ́rùn-ún sì parí sínú òkùnkùn láìsí ìyìn kan lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n to ìwé náà kò yọ ọ́ kúrò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ka Sáàmù náà àti orí kejì ìwé Lúùkù ní ìjókòó kan náà, kí ẹ má sì kánjú láti so wọ́n pọ̀.

Nípa ti ilé ìsìn, kò pọn dandan kí ẹ jókòó sí iwájú. Ẹ jókòó sí ibi tí ẹ ti lè dìde jáde bí ọ̀fun bá dí, kí ẹ sì padà wọlé bí ó bá là. Kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìsìn kùtùkùtù máa ń dára fún ẹni tí ariwo ń ni lára, nítorí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, Oúnjẹ Olúwa tí a ń jẹ níbẹ̀ sì ń rán ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ létí pé ẹni tí a ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti kú rí, ó mọ ọ̀nà náà. Bí orin kò bá jáde lẹ́nu yín, ẹ dúró láàárín àwọn tí ń kọ ọ́. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí a fi ń pàdé. Ohùn àwọn ará yóò gbé tiyín fún ọdún kan, bóyá ní ọdún mìíràn ẹ̀yin ni yóò gbé ti ẹlòmíràn. Ní ilé, bí ẹ bá pé jọ fún àdúrà alẹ́, ẹ dárúkọ ẹni tí ó lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í fẹ́ dárúkọ náà nítorí àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ń ronú rẹ̀ ju àgbà lọ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ó sì ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí baba wọn máa ń ṣe ní ọjọ́ ọdún, kí ẹ dúpẹ́ fún un, kí ẹ kọ orin tí ó fẹ́ràn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú tí ó sì ti ń tọ́jú owó aṣọ Kérésìmesì rẹ̀ pamọ́ kí ikú tó dé, kò sí ìsìn tí ó mọ́ ju kí ó fi owó náà dá aṣọ fún ọmọ aláìlóbìí kan ní àdúgbò.

Ti owó tún yàtọ̀, èmi yóò sì sọ ọ́ gbangba, nítorí gbèsè ti ba ìsìn ọdún jẹ́ nínú ilé púpọ̀ ju ikú lọ. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ẹni tí ó yá owó ẹ̀lé láti ra aṣọ ẹbí ẹgbẹ́ mẹ́ta, tí ó san ìdáwó ìkórè, tí ó tún ra àpò ìrẹsì kí àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ má bàa fojú dí i, báwo ni ọkàn rẹ̀ yóò ṣe wà nínú ilé Ọlọ́run nígbà tí ó ń ṣírò ọjọ́ tí olówó yóò dé? Kò sí ibì kankan tí a ti kọ ọ́ pé Jésù tí a bí sí ibùjẹ ẹran kò ní gba ìsìn ẹni tí ó wọ aṣọ èṣí. Kí baba pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ kí oṣù kejìlá tó jìnnà, kí ó sọ fún wọn ní pẹ̀lẹ́ pé ohun báyìí ni ó wà, ohun báyìí ni kò sí, kí wọ́n jọ yan ohun kan tí gbogbo wọn yóò fẹ́ràn. Ọmọ a máa gba òdodo ọ̀rọ̀ ju bí a ti rò lọ. Kí a sì fi owó ilé ìwé sí ibi tí ọwọ́ kò ní tètè tó o kí ọdún tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa tún ká mi lára ju èyí lọ. Àwọn obìnrin pọ̀ nínú ìjọ wa tí ìdáná kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìwàásù Kérésìmesì láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ. Láti òru ni wọ́n ti ń tu ìyẹ́ adìẹ, tí wọ́n ń ṣa ìrẹsì, tí wọ́n ń lọ ata, tí èéfín ń wọ̀ wọ́n lójú. Bí agogo ìsìn bá ń lù, wọ́n ṣì wà nídìí ààrò. Bí wọ́n bá sì sáré dé ilé ìsìn, ìbùkún ìkẹyìn ni wọ́n bá. Lẹ́yìn náà ni àlejò yóò dé, wọn yóò máa bù, wọn yóò máa fọ àwo, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀yin ọkọ, tiyín ni èyí. Kí a se ọbẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí àwọn ọmọkùnrin kọ́ bí a ti ń tu ìyẹ́ adìẹ, kí a dín irú oúnjẹ kù sí ẹyọ kan, kí a sọ fún àlejò pé lẹ́yìn ìsìn ni ilé yóò ṣí. Àlejò tí ó bá bínú sí èyí, kí ó bínú. Ìyàwó tí ó ti ń sìn yín ní gbogbo ọdún yẹ ní ẹni tí a jẹ́ kí ó jókòó wákàtí méjì sin Ọlọ́run rẹ̀ láìronú ìkòkò.

Fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun, ìdààmú tiwọn ní ojú mìíràn. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Kérésìmesì, ẹni tí kò bá ní mọ́tò lè wà nínú yàrá kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìgbọ́ ohùn ènìyàn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bá ará ìjọ kan tí ó ní mọ́tò sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ó má tijú, kí ẹni tí ó ní mọ́tò pẹ̀lú má dúró kí a tó bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ òru bọ́ sí lọ́wọ́ kò pàdánù ọdún. Ẹnu iṣẹ́ òru ni àwọn olùṣọ́ àgùntàn wà nígbà tí ìròyìn náà bá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú: bí ìbànújẹ́ bá le dé ibi tí ẹni náà kò lè jẹun, tí kò lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tàbí tí ó ń rò ó pé ó sàn kí òun kú, kí ó má fi àdúrà nìkan bò ó mọ́lẹ̀. Kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ó sún mọ́ ọn, kí wọ́n jọ lọ bá dókítà. Lúùkù tí ó kọ ìtàn Kérésìmesì fún wa, oníṣègùn ni.

Ó ku àwọn tí ara tù. Kì í burú burú kí ó má ku ẹnì kan mọ́ni, ẹni tí yóò kù ni a kò mọ̀; nítorí náà kí olúkúlùkù ṣe bí ẹni pé òun ni a kù mọ́ ẹni náà. Ọ̀rọ̀ rere ni ó ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ni ó ń yọ ọfà lápó, ọ̀rọ̀ tí a sì ń sọ ní ilé ọ̀fọ̀ ní àkókò ọdún nílò ìfarabalẹ̀. Ẹ má sọ fún opó pé kí ó má sunkún mọ́ nítorí ọdún ti dé. Ẹ má sọ fún abiyamọ pé òmíràn ń bọ̀. Kí àwọn akápò ẹgbẹ́ má gbé ìwé owó ìdáwó lọ sí ilé tí a ti ń ṣọ̀fọ̀. Kí wọ́n fa ìlà sí orúkọ náà fún ọdún yìí. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ kí i kú ará fẹ́ra kù, kí ẹ ní Ọlọ́run yóò dẹ̀yìn rẹ̀ sí rere, kí ẹ sì jókòó. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú náà, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́, kódà bí ẹ bá ti gbọ́ ọ rí. Ẹ bi í bóyá yóò fẹ́ bá yín lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ óò jókòó sí àti pé nígbà tí ó bá fẹ́ kúrò ni ẹ óò jọ kúrò. Bí ó bá gbà, ẹ dúró kí ó múra. Bí ó bá kọ̀, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ ṣe àdúrà kúkúrú níbẹ̀, ẹ bá a fọ àwo tí ó wà nílẹ̀, kí ẹ sì tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí gbogbo àlejò ọdún bá ti lọ tí kò sí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́.